Ìmọ̀ràn kíákíá: ìlú mílì wo ni kí n mú Màmá lọ lọ́la?

ỌmọAláṣọ (Jímọ̀, 7:40 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Màmá fẹ́ rí ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí òyìnbó ti ń hun aṣọ láyé ọjọ́sí, àwọn ìlú mílì ìhà àríwá England yìí. Ọ̀la ni o. Rélùwéè la máa wọ̀. Èwo ló dáa? Mo ń dáná lọ́wọ́, mo ń bọ̀ wá ka èsì.

Akin_Leeds
Saltaire. Ẹ má wulẹ̀ bi ẹlòmíì. Titus Salt kọ́ mílì sẹ́bàá odò Aire, ó ṣí i lọ́dún 1853 lọ́jọ́ tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì kọ́ odidi abúlé tì í fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀: ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́. Ilé ọtí nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n kọ́. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló fi sọ àwọn òpópónà ibẹ̀. UNESCO ti kọ abúlé náà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2001. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mílì ló máa kí yín káàbọ̀. Ọ̀fẹ́ lẹ máa wọlé, àwòrán tí ayàwòrán David Hockney yà kún ibẹ̀, oúnjẹ sì wà.

ÌyáÌbejì_Salford
Ọmọ Aláṣọ, ibo lẹ ti ń bọ̀? London? Bradford? Ẹni ọdún mélòó ni Màmá? Orúnkún wọn ńkọ́? Ẹ ò sọ nǹkan kan, ẹ ti sáré lọ dáná.

Dèjì_Rochdale
Hebden Bridge ni tèmi. Láti Manchester Victoria, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, kò tó wákàtí kan. Aṣọ òwú líle kan tí wọ́n ń pè ní fustian ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń rán ṣòkòtò òṣìṣẹ́, débi pé àwọn èèyàn ń pe ibẹ̀ ní Ìlú Ṣòkòtò. Ẹ máa wo ilé wọn! Àyè ò sí láàárín òkè, ni wọ́n bá kọ́ ilé ẹnìkan lé ti ẹlòmíì lórí. Ará ìsàlẹ̀ ń gba òpópónà ìsàlẹ̀ wọlé, ará òkè ń gba ẹ̀yìn lọ́hùn-ún.

Bísí_Bolton
HEBDEN BRIDGE KẸ̀? Ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ Sunday. Léèsì ni wọ́n wọ̀, pẹ̀lú bàtà gogoro, torí wọ́n ní àwọn ò lè lọ ìlú òyìnbó bí ẹni ń lọ oko. A dé ibùdókọ̀, wọ́n ní rélùwéè ò rìn, bọ́ọ̀sì ló máa gbé wa. Bọ́ọ̀sì yẹn yí òkè, ó yí kòtò, Màmá bì. Nígbà tá a dé, ọkọ mi ní ká gun ọ̀nà olókùúta kan tí wọ́n ń pè ní Buttress lọ sí Heptonstall, abúlé kan lórí òkè, pé ẹnìkan sọ fóun pé ìrìn díẹ̀ ni. Ìrìn díẹ̀! Ògiri ni wọ́n tẹ́ òkúta sí, wọ́n wá pè é ní ọ̀nà. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ní ìdajì òkè, Màmá jókòó sórí òkúta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọkọ wọn tó ti kú, pé kó wá wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fojú òun rí. Ibi tá a ti fẹ́ mu tíì lókè, wọ́n ti tì í. Nígbà tá a délé, wọ́n pe gbogbo ẹbí, wọ́n ní ìyàwó fẹ́ pa àwọn sórí òkè. ÌYÀWÓ o, kì í ṣe ọmọ wọn tó ní ká gùn ún.

Ẹ má lọ.

Báyọ̀K
😂😂😂 "Kó wá wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fojú òun rí." Mo ti kú.

Dèjì_Rochdale
Ẹ̀gbọ́n Bísí, Heptonstall kọ́ ni Hebden Bridge. Ìsàlẹ̀ tẹ́jú, ẹ lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Rochdale Canal láìgun nǹkan kan. Ta ló tún ní kí wọ́n wọ bàtà gogoro?

Bísí_Bolton
Ṣé èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún wọn? Ẹ ò mọ ìyá ọkọ mi.

ÌyáÌbejì_Salford
Ọ̀rọ̀ bàtà kọ́ nìyí. Ọkọ lẹ bá wí.

Káyọ̀dé77
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà olóyin ní Oldham?

Akin_Leeds
Ẹ rí i pé Saltaire ló dáa. Kò sí Buttress níbẹ̀.

Dèjì_Rochdale
Akin, irun àgùntàn àti irun alpaca, ẹran onírun kan, ni wọ́n ń hun ní Saltaire. Aláṣọ lorúkọ ẹni tó bèèrè, òwú ni wọ́n máa fẹ́ rí. Agbègbè Lancashire ló ni òwú.

Akin_Leeds
Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Hebden Bridge tó o dárúkọ, ṣé kì í ṣe agbègbè Yorkshire ló wà ni?

Báyọ̀K
Ó kàn án o.

Màmá_Burnley
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sinmi ariwo. Bó bá jẹ́ òwú, Queen Street Mill ní Harle Syke, ní Burnley níbí. Wọ́n kọ́ ọ ní 1894, iṣẹ́ dáwọ́ dúró ní 1982, wọ́n wá sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, Peace lorúkọ rẹ̀, òun ló ń yí àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ. Bí wọ́n bá tan díẹ̀ nínú wọn, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín. Ìdí nìyẹn táwọn obìnrin ahunṣọ fi máa ń wo ẹnu ara wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí, wọn kì í sì í ṣí nígbà òtútù.

ỌmọẸ̀gbá
Kẹ́ ẹ tó máa pín òwú fún Lancashire, ẹ rántí Abẹ́òkúta. Láwọn ọdún 1850, Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, àti Henry Venn ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ń ra òwú lọ́wọ́ àwọn baba wa, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dé ní 1861, tí òwú Amẹ́ríkà ò wọlé mọ́, ebi pa Lancashire. Ẹ ò lè sọ ìtàn mílì kẹ́ ẹ fo Ẹ̀gbá.

Akin_Leeds
Ẹ̀gbọ́n, ibi tí wọ́n máa lọ lọ́la ni wọ́n bèèrè.

Káyọ̀dé77
Ẹ̀wà olóyin ńkọ́?

Màmá_Burnley
Ọmọ mi, wá Manchester. Cheetham Hill.

ỌmọAláṣọ (10:15 alẹ́)
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ má bínú pé mi ò ṣàlàyé. Manchester là ń gbé. Orúnkún ń yọ Màmá lẹ́nu díẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn. Mo ka gbogbo èsì yín fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín ti Ẹ̀gbọ́n Bísí títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n wá ní "ABC" làwọn fẹ́ rí. Ṣé ìlú kan wà tó ń jẹ́ ABC?

ÌyáÌbejì_Salford
Haa! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ látàárọ̀! ABC ni Brunnschweiler, ilé iṣẹ́ aláǹkárá. Hyde ni, Newton Bank, ẹ̀bá Manchester níbí. Àǹkárá tí wọ́n ń kọ orúkọ sí létí yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Oje ni wọ́n ń tẹ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, oje á sán, aró á gba ojú sísán wọlé, òun ló ń fà á wẹ́wẹ́ bí iṣan ara. Ẹ bi Màmá, wọ́n á sọ fún yín pé bẹ́ ẹ bá yí ojúlówó padà, ẹ̀yìn àti iwájú ò yàtọ̀.

ỌmọAláṣọ
Wọ́n ní "Ẹ bá mi kí obìnrin yẹn, ó mọ aṣọ."

Akin_Leeds
Ẹ má mú wọn lọ Hyde. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti kó iṣẹ́ yẹn lọ Akosombo ní Ghana. Kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sí ẹni tó máa mú wọn yíká. Saltaire.

Dèjì_Rochdale
Lórí èyí, mo fara mọ́ Akin.

Màmá_Burnley
Èmi náà. Ẹ má fi ẹsẹ̀ àgbàlagbà ṣòfò.

ỌmọAláṣọ (Sunday, 8:05 àárọ̀)
Ẹ káàárọ̀ o. Hyde la lọ.

Láti Piccadilly, a sọ̀ ní Newton for Hyde, kò pẹ́ rárá. Màmá ti pọ́n ìró ABC kan láti ilé, wọ́n wá wọ kóòtù lé e. A wọ ilé oúnjẹ kékeré kan torí òjò. Màmá bi ọmọkùnrin tó ń dín ẹja bóyá ó mọ ibi tí wọ́n ti ń tẹ aṣọ. Kò mọ̀. Ni Màmá bá ṣí kóòtù, wọ́n fa etí ìró jáde, wọ́n ń kọ́ ọ, èmi ni ògbufọ̀. Ẹja ń tutù lọ. Ó ní ìyá àgbà òun ṣiṣẹ́ ní mílì kan àmọ́ òun ò bèèrè èwo.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n ya àwọn lábẹ́ pátákó ibùdókọ̀, kí orúkọ HYDE hàn dáadáa, kí ìró hàn dáadáa, kí n má ya ẹsẹ̀. Ó tó ogún àwòrán kó tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ aláṣọ Gbági lórí WhatsApp. Fóònù ò sinmi láti òwúrọ̀: gbogbo wọn ń bèèrè èló ni ìgàn kan níbẹ̀, ṣé Màmá lè bá àwọn gbé mẹ́wàá bọ̀.

Báyọ̀K
😂

Bísí_Bolton
Bàtà wo ni wọ́n wọ̀?

ỌmọAláṣọ
Kánfáàsì. Ìtàn yín ni wọ́n rántí nígbà tá a fẹ́ jáde.