Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n ní ẹni tí kò bá sí nínú gbọ̀ngàn kò lẹ́nu ọ̀rọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa níbí ní Rẹ́mọ. N kò ní dárúkọ káńsù náà, torí mo ṣì máa padà lọ kí wọn.

Tí wọ́n bá ti pe ará ìlú sípàdé, Ọjọ́rú ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọjọ́rú! Ìdajì àdúgbò wa ló ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ìdájí ni wọ́n ti ń wọkọ̀. Ìyá ọlọ́jà kò lè ti ìsọ̀, orúnkún ìyá tèmi kò sì gba àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn náà mọ́. Àwa mẹ́tàdínlógún la máa ń jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "gbogbo ará ìlú".

Lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ gọ́tà ló wà ńlẹ̀. Mo pe àwọn méje pọ̀ lórí WhatsApp, mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo tan sípíkà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wà nínú ọkọ̀ ní Mówé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí omi ṣe ń ya wọ pálọ̀ rẹ̀. Kọ́ńdọ̀ ń pariwo "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!", jẹnẹrétọ̀ ń kù lẹ́yìn fèrèsé, sípíkà ń han "wíìì". Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alága ìpàdé ní kí n pa á. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà sílẹ̀ rárá.

Ṣé òfin kan wà tó kọ̀ ọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè gbé e kalẹ̀ tí kò fi ní dà bíi pé mo fẹ́ bá wọn jà?

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde: Ọmọ mi, ìpàdé méjì lẹ pò mọ́ra. Ìjókòó àwọn kánsẹ́lọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin tí wọ́n sì ń dìbò lórí ìṣúná, ó ní ìlànà tirẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ará ìlú ni kí ẹ dì mú. Abala 7 ìwé òfin 1999 sọ pé káńsù tí ará ìlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ wà, kò dá sí ọ̀rọ̀ fóònù. Gọ́tà, ọjà, gáréèjì, kíkó ìdọ̀tí, iṣẹ́ káńsù ni gbogbo wọn nínú ìwé òfin kan náà. Ẹ kọ lẹ́tà sí alága, ẹ fún kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ní ẹ̀dà kan. Ojú ewé kan péré. Ìpàdé kan ni kí ẹ tọrọ, láti fi dán an wò. Inú fáìlì ni lẹ́tà gígùn ń sùn sí, èmi fúnra mi ti tẹ́ ọ̀pọ̀ sùn níbẹ̀.

Ọmọ Ìpẹru ní Cardiff: Ní Wales níbí, òfin 2021 ti sọ ọ́ di dandan kí káńsù ṣètò tí èèyàn fi lè bá ìpàdé lọ láti ibòmíì. Ní England ńkọ́? Kòrónà ṣílẹ̀kùn yẹn fún wọn ní 2020, àmọ́ àyè náà parí lọ́jọ́ 7 oṣù karùn-ún 2021, ilé ẹjọ́ sì ní ìpàdé tí òfin ìjọba ìbílẹ̀ wọn ti 1972 ń sọ, ojúkojú ni. Àwọn kánsẹ́lọ̀ tó fẹ́ dìbò padà sí gbọ̀ngàn. Ìdìbò kánsẹ́lọ̀ láti ibòmíì ni wọ́n dá dúró o, wọn kò bá ará ìlú jà pé ó ń sọ̀rọ̀.

Àgbà Òdè Rẹ́mọ: Èmi kò fara mọ́ ọn. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun lẹ́nu ju àwa tó wà nílé lọ. Ẹni tí kò sùn nílùú láti Kérésìmesì ló máa pinnu ibi tí gọ́tà máa gbà.

Ìyá Onígààrí, Ṣàgámù: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kò sí lókè òkun. Tí mo bá fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, owó àjọ ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì sì ni tèmi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ fi Zoom sílẹ̀ ná. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìpàdé, kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú méjì, kó dárúkọ ara rẹ̀ àti òpópónà rẹ̀. Onífóònù kékeré á pe akọ̀wé, akọ̀wé á kọ ọ́. Ẹ fi orúkọ wé ìwé àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò, ìyẹn ló máa pa ẹ̀rù Bàbá Òdè Rẹ́mọ. Tí ẹ bá máa pe èèyàn lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ni, kí àwọn tó kù pa ohùn wọn, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Wíìì" yẹn, fóònù tó sún mọ́ sípíkà gbọ̀ngàn jù ló fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àkọsílẹ̀ kọ́ ló yẹ kó di fóònù mú.

Lọ́yà Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé gọ́tà náà. Ọjọ́ méje ni òfin òmìnira ìròyìn 2011 fún wọn láti dáhùn. Àmọ́ ẹ má kọ ọ́ mọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ o. Èyí ẹ̀bẹ̀ ni, ìyẹn ẹ̀tọ́.

Ẹni tó béèrè: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an. Mo ti kọ lẹ́tà náà, ojú ewé kan. Ìyá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ohùn WhatsApp, wọ́n ti ká tiwọn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n fi méjì kí alága, ìyàwó alága, àtàwọn ọmọ. Ta ló máa bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n gé e kù?