Ọwọ́ òsì màmá mi lẹ́yìn rọpárọsẹ̀: kí ló yẹ kó ṣáájú?
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin onífisiotẹ́rápì àti ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú alárùn rọpárọsẹ̀. Ní ọdún tó kọjá ni àìsàn náà mú màmá mi. Wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn, ọpẹ́ ni, àmọ́ ọwọ́ òsì wọn ṣì ká pọ̀, ó le gbagidi. À ń nà án láàárọ̀ àti lálẹ́, a sì ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i.

Mo kà nípa ọ̀nà ìtọ́jú Edward Taub, onímọ̀ nípa ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, pé kí a fi ìbọ̀wọ́ dí ọwọ́ tí kò ní àrùn lọ́wọ́, kí èyí tí àìsàn mú lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ àti ìka gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lè gbéra díẹ̀. Ti màmá, àtàǹpàkò nìkan ló ń mira.

Ṣé kí a fi ìtọ́jú dígí bẹ̀rẹ̀ ni (kí wọ́n máa wo ọwọ́ tí kò ní àrùn nínú dígí, bí ẹni pé ọwọ́ òsì ló ń ṣiṣẹ́), àbí abẹ́rẹ́ tó ń dẹ iṣan ló yẹ kó ṣáájú?