Ewì Byron tí mo ṣì kà fún ọdún mẹ́rin

Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ìrírí yín nípa ewì tó kọ́ yín bí a ṣe ń ka ewì, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ewì tó kọ́ mi bí a ṣe ń ka ewì Gẹ̀ẹ́sì ni "She Walks in Beauty", tí Byron, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní London ní oṣù kẹfà ọdún 1814.

Ilé ìwé girama ni mo wà nígbà tí olùkọ́ ní ká ṣàlàyé àfiwé tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Akéwì ní obìnrin kan ń rìn nínú ẹwà, bí òru. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀gàn ni. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo dàgbà sí. Òru tí mo mọ̀ ni òru tí kò mẹni ọ̀wọ̀, tí wọ́n ń pe ọmọdé wọlé kó tó dé. Ta ni yóò fi òru yin obìnrin? Máàkì mẹ́rin nínú ogún ni mo gbà, kò sì sẹ́ni tó sọ ibi tí mo ti ṣìnà fún mi. Ó dùn mí gan-an.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo dúró sí ìparí ìlà kìíní. Byron kò dúró níbẹ̀. Kò fi àmì kankan sí ẹ̀yìn òru yẹn. Gbólóhùn náà ṣàn wọ ìlà kejì, ibẹ̀ ló ti sọ irú òru tó ń wí: òru ilẹ̀ tí kò ní ìkùukùu, tí ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run rẹ̀.

Yunifásítì ni mo dé kí n tó gbọ́ ìlù inú rẹ̀. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni etí wa ń wá. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, sílébù kan á wúwo, èkejì á fúyẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa fi ìka lu tábìlì bí mo ṣe ń kà á. Fẹ́ẹ́rẹ́, wúwo, fẹ́ẹ́rẹ́, wúwo, ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú ìlà kan. Ìlà méjìdínlógún ni gbogbo rẹ̀, ìpín mẹ́ta. Mo lù ú dé ìlà kẹrin, ìka mi kọsẹ̀. "Meet" ló bẹ̀rẹ̀ ìlà yẹn, wúwo ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni akéwì ti ní ohun tó dára jù nínú òkùnkùn àti nínú ìmọ́lẹ̀ pàdé lójú obìnrin yìí. Ìlù yí padà níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé! Mo kà á ní àkàtúnkà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i kiri inú ewì náà. Ìró méjì péré ló ń parí ìlà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Nínú ìpín kejì, ó ní bí òjìji bá fi ẹyọ kan lé, tí ìtànṣán bá fi ẹyọ kan dín, ìdajì ẹwà náà ì bá ti bàjẹ́. Nínú ìpín kìíní, ọ̀sán gan-an ló bẹnu àtẹ́ lù, pé ó ń ṣe àṣehàn. Wọ́n ní obìnrin inú ewì náà ni ìyàwó mọ̀lẹ́bí Byron kan tó rí níbi àpèjẹ, nínú aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú tí nǹkan dídán wà lára rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rántí bí ìyá àgbà ṣe máa ń kí mi láràárọ̀: adúmáadán. Ẹni tó dú, tó sì ń dán. Ohun tí mo pè ní ẹ̀gàn nínú ewì òyìnbó ni wọ́n fi ń yìn mí nílé.

Ìpín kẹta ni n kò tíì bá Byron gbà sí. Ó ní ẹ̀rín obìnrin náà ń sọ nípa ìgbé ayé rere. Àwọn kan á sáré kọ "ìwà lẹwà" síbẹ̀, wọ́n á pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n ojú lásán ni akéwì wò. Obìnrin náà kò la ẹnu rárá. Nínú ẹkún ìyàwó, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ń sọ tẹnu rẹ̀. Ohùn yẹn ni mò ń wá níbí.

Èsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Aṣọ ọ̀fọ̀ tí ẹ mẹ́nu bà ló mú mi kọ̀wé. Nígbà tí bàbá mi kú, màámi wọ dúdú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan sì sọ fún wọn pé, "Dúdú yìí mà yẹ yín o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dúpẹ́. Bí a ṣe délé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn kò bọ́ aṣọ, wọn kò sì sọ̀rọ̀ títí di alẹ́. Byron ní ọkàn obìnrin tirẹ̀ wà ní àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà láyé níbí. Kò mẹ́nu ba ọ̀fọ̀ náà níbì kankan. Mo fẹ́ mọ ẹni tí obìnrin náà ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.