npm ń kọ "EACCES: permission denied" lórí Ubuntu mi

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ń lo npm (irinṣẹ́ tó ń gbé àwọn ètò JavaScript sórí kọ̀ǹpútà). Mo ṣe npm install -g, tó ń gbé ètò sílẹ̀ fún gbogbo kọ̀ǹpútà, ló bá ní mi ò láṣẹ láti kọ nǹkan sínú /usr/local/lib/node_modules, mo wá fi sudo (àṣẹ alábòójútó) ṣe é ó sì gbà, àmọ́ látìgbà yẹn npm install lásán gan-an ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣé kí n fi chmod 777 sí i ni?

Èsì 1: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi 777 sí i o! Gbogbo ẹni tó bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà yẹn á lè yí fáìlì yẹn padà nìyẹn. Sudo yẹn ló fà á, pàápàá tí npm yín bá ti pẹ́, root (alábòójútó kọ̀ǹpútà) ló ni àwọn fáìlì inú ~/.npm (ibi tí npm ń kó nǹkan pamọ́ sí) báyìí, ẹ ṣe ls -la ~/.npm ẹ máa rí i. Ẹ ṣe sudo chown -R $USER ~/.npm, kí wọ́n lè padà di tiyín.

Èsì 2: Bẹ́ẹ̀ ni. Kó má bàa tún ṣẹlẹ̀, npm config set prefix ~/.npm-global, kẹ́ ẹ wá fi ~/.npm-global/bin sínú PATH (àwọn fódà tí kọ̀ǹpútà ti ń wá àṣẹ) nínú ~/.bashrc. Ẹ ò ní nílò sudo fún npm install -g mọ́ rárá.

Oníbéèrè: Ó ti gbà! Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, node_modules inú fódà iṣẹ́ mi náà ti di ti root, mo chown òun náà.