Èrè ìbísí tàbí èrè ọwọ́pọ̀?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Àbá tí ó wà níwájú wa ni pé kí a máa pe àǹfààní tí orílẹ̀-èdè ń jẹ nígbà tí àwọn tí ó tó iṣẹ́ ṣe bá pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń bọ́ lọ ní "èrè ìbísí". Orúkọ náà dùn létí, kò sì gùn, ṣùgbọ́n òdì ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ, nítorí pé àdínkù ìbí ni ó ń mú èrè yìí wá. Ẹ wo Gúúsù Kòríà. Ní nǹkan bí ọdún 1960, obìnrin kan níbẹ̀ a máa bí tó ọmọ mẹ́fà. Nígbà tí yóò fi di 1983, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí méjì. Àwọn ọmọ tí a ti bí ṣáájú dàgbà, wọ́n wọ iṣẹ́, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọn yóò máa bọ́ kò sì pọ̀ mọ́, nítorí náà owó tí ìbá bá oúnjẹ lọ di owó ìfipamọ́ àti owó òwò. Ká ní kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò gbà wọ́n ni, ìbísí ni à bá rí, a kì bá rí èrè.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "èrè ọwọ́pọ̀": ọwọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́, ẹnu ni ó ń jẹ. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ sì ni ó ń ya ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnu. Lóko kòkó àtijọ́, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá a máa ṣa kòkó jọ nídìí igi, a sì máa bá wọn sá a, ọwọ́ ni. Láti 1955 tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ di ẹnu fún ọdún pípẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ lè gbówó lórí lẹ́yìn ọ̀la. (Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi "ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ" dá mi lóhùn, kí ó kọ́kọ́ sọ irú ọmọ tí òwe náà ń bá wí.)

Ní ti "ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé", ẹ jẹ́ kí a fi "ìgbèrú" pe àlékún gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè, kí a wá fi "ìdàgbàsókè" sílẹ̀ fún ìgbà tí ìgbé ayé ẹnì kọ̀ọ̀kan bá sàn sí i. Ní 2017, ọrọ̀ ajé Nàìjíríà fi nǹkan bí ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún gbèrú, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń fi nǹkan bí ìdá 2.5 pọ̀ sí i lọ́dún. Akéde tí ó bá pe èyí ní ìdàgbàsókè ti ṣi olùgbọ́ lọ́nà, nítorí pé ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan dínkù ni.

Ó ku òdìkejì èrè ọwọ́pọ̀: kí ni a ó máa pe ìṣòro irú èyí tí ó wà ní Japan, níbi tí àwọn arúgbó ti ń pọ̀, tí ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ sì ń dínkù? "Ọ̀wọ́n ọwọ́" ni mo gbé kalẹ̀. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.