Àbọ̀ ọ̀rọ̀ owó oṣù àbúrò mi: ó ti yanjú

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tí ẹ dá sí i. Ìbéèrè mi ni pé ṣé owó ofataìmù lè kún owó àbúrò mi kó tó £41,700 lọ́dún tí UK ń béèrè fún físà Skilled Worker (físà iṣẹ́ fún àwọn tó mọṣẹ́) láti July 22, 2025. Kò lè kún un. Owó tó dájú nínú àdéhùn iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà, kò sí ti bónọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ọjọ́ orí ló yọ wá: kò tíì pé 26, £33,400 lọ́dún ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ irú wọn, bí owó ẹ̀ kò bá ṣáà ti kéré sí ìdá 70 nínú 100 owó tí wọ́n là sílẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀. £36,000 ló wà nínú ìwé tiẹ̀. Ejẹ́ǹtì Òkè-Fìà tó ní ká mú owó "àtúnṣe" wá, kó lọ wá ẹlòmíì! Físà ti jáde.