Akọ ẹlẹ́dẹ̀ mi ń gùn, abo ò lóyún: ṣé kí n gún un lábẹ́rẹ́ họ́mọ́ọ̀nù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọlọ́sìn. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ mi, irú Large White, ti lé lọ́dún kan. Ó ń jẹun dáadáa, bó bá sì ti gbóòórùn abo tó wà ní híìtì (tó ń wá akọ) báyìí, ẹnu rẹ̀ á ti máa yọ ìfófó. Kì í lọ́ra láti gùn. Àmọ́ látìgbà tí ooru ti mú lóṣù Kẹta, bó bá ti tó bí ọjọ́ 21, abo tó gùn á tún padà sí híìtì. Ẹni tó ń ta oògùn ẹran lọ́jà wa ní kí n gún un ní testosterone, họ́mọ́ọ̀nù akọ, pé agbára rẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún wọ́n o. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, ẹlẹ́dẹ̀ tó ń yọ ìfófó, tó ń gùn, agbára wo ló tún ń wá? Àtọ̀ rẹ̀ ni kóo jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀melòó lò ń lò ó lọ́sẹ̀?

Olùbéèrè: Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni, mà.

Dókítà Ẹran: Ẹ má gún un rárá. Ẹ̀yà ara kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ ló ń fi họ́mọ́ọ̀nù méjì, LH àti FSH, ránṣẹ́ sí ẹpọ̀n. LH ló ń mú kí ẹpọ̀n pèsè testosterone tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da ti òde sí i, ọpọlọ á gbà pé ó ti tó, á dín LH àti FSH kù, ẹpọ̀n á sì dẹwọ́. Testosterone inú ẹpọ̀n pọ̀ fíìfíì ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ, òun gan-an sì ni àtọ̀ fi ń dàgbà. Abẹ́rẹ́ yẹn lè sọ akọ tó ń gùn di akọ tí kò ní nǹkan kan nínú àtọ̀.

Ooru ni mo fura sí. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn tó láti tu ara rẹ̀, ooru sì máa ń ba àtọ̀ jẹ́. Òrùlé wo lẹ fi bo ilé rẹ̀?

Olùbéèrè: Páànù lásán ni, sà. Lọ́sàn-án, èèyàn ò lè dúró níbẹ̀.

Dókítà Ẹran: Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ da imọ̀ ọ̀pẹ lé páànù, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, kẹ́ ẹ sì máa wọ́n omi sí i lára lọ́sàn-án. Àmọ́ àtọ̀ tuntun máa ń gbà ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ kó tó dàgbà, á tún lo bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ́nà kó tó jáde. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méje.

Àgbẹ̀ Ìkòròdú: Ẹ wo àgbàdo yín náà o. Èyí tó bá bu lè ní májèlé tó ń ṣe bí họ́mọ́ọ̀nù abo. Ó lè jẹ́ àwọn abo gan-an ló ń dà láàmú. Ẹ yá akọ aládùúgbò kẹ́ ẹ fi dán wọn wò.

Dókítà Ẹran: Ti àgbàdo yẹn, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ má yá akọ kankan, ó lè kó ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọlé, àrùn yẹn ò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹ ra àtọ̀ lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ fi sí abo kan.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé kó sinmi pátápátá láàárín ọ̀sẹ̀ méje yẹn ni?

Dókítà Ẹran: Rárá. Ẹ jẹ́ kó máa gùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí èyí tó ti bàjẹ́ lè máa jáde. Ẹ má kàn retí oyún nínú rẹ̀.